Ẹni Tí A Fi Dán An Wò

"Ṣé kò sí oògùn kankan tí ara yín kì í gbà, àǹtí?"

Nọ́ọ̀sì ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ bó ṣe ń bi mí. Orúnkún mi wà níwájú rẹ̀, awọ ti bó lára rẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sì há sínú ẹran. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ṣubú. Mo ti dàgbà ju ẹni tó yẹ kó máa ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

"Penisílíìnì," mo dá a lóhùn kíá, bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ bàbá rẹ̀.

"Kí ló máa ń ṣe yín tẹ́ ẹ bá lò ó?"

Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Mi ò mọ̀. Màámi ló sọ fún mi pé wọ́n fún mi ní penisílíìnì nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ara mi sì sú. Mi ò rántí oògùn náà, mi ò rántí ara tó sú náà. Mo kàn mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti lè dá fọ́ọ̀mù kọ ni mo ti ń kọ ọ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti béèrè. Nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ ọ́ sójú fáìlì mi, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Mo wá sọ ohun tí mo rò pé ó máa yìn mí fún: mo ti da hydrogen peroxide sójú ọgbẹ́ náà nílé kí n tó wá, ó sì hó dáadáa. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má dà á síbẹ̀ mọ́. Omi ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, omi tó mọ́, tó sì pọ̀." Ó gbé ike omi iyọ̀ ńlá kan, ó ń dà á lé orúnkún mi, ó ń fi èmúga ṣa òkúta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún ń da omi sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi ń rò ó nínú ara mi pé: omi lásán? Ohun tó ń hó, tó ń ta ni lára, tó ń rùn bí oògùn, òun ni ọkàn mi gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Oníṣẹ́ abẹ kan wà láyé àtijọ́ tí òun náà kò rí oorun sùn nítorí ọgbẹ́, àmọ́ ọgbẹ́ ẹlòmíì ni tirẹ̀. Ambroise Paré ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Faransé ni, ó sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun ọba lọ sí Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1537. Lásìkò yẹn, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà ni pé májèlé wà nínú ọgbẹ́ ìbọn, nítorí ẹ̀tù. Ohun tí wọ́n sì ní kí oníṣẹ́ abẹ fi pa májèlé náà ni òróró gbígbóná, tó ń hó, kó dà á sínú ojú ọgbẹ́. Paré ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí òróró fi tán. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ṣì ń bọ̀. Ló bá po pupa ẹyin, òróró òdòdó róòsì àti turpentine pọ̀, ó fi ìyẹn tọ́jú àwọn tó kù.

Ó dùbúlẹ̀, oorun kò kùn ún. Ó dá a lójú pé bílẹ̀ bá mọ́, òkú ni òun máa bá, nítorí òun kò fi òróró jó wọn. Ó dìde ní ìdájí. Àwọn tó fi ẹyin tọ́jú ti sinmi, ọgbẹ́ wọn kò wú, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n. Àwọn tí òróró dé ara wọn ni ibà mú, tí ọgbẹ́ wọn wú, tí wọ́n ń jẹ̀rora. Ó ní òun kò tún ní fi iná jó ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí kì í ṣe ẹyin. Bí òróró bá ti tó fún gbogbo wọn, gbogbo wọn ni ibà ì bá mú, Paré ì bá sì máa sọ pé bí ọgbẹ́ ìbọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó là á lójú ni pé àwọn méjèèjì wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ẹni tó gba tibí àti ẹni tó gba tọ̀hún. Kò sì sí ẹni tó pète rẹ̀. Òróró ló tán.

Ó tó ọ̀rúndún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó mọ ohun tí ń mú ọgbẹ́ kẹ̀ gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1865, ní Glasgow, wọ́n gbé ọmọ ọdún 11 kan wá sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Joseph Lister. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gun ọmọ náà lẹ́sẹ̀, egungun rẹ̀ ṣẹ́, ó sì lu awọ jáde. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń gé ẹsẹ̀ náà ni. Lister ti kà nípa iṣẹ́ Pasteur lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí, ó sì ti gbọ́ pé wọ́n ń da carbolic acid sí omi ìdọ̀tí ní ìlú Carlisle kó má bàa rùn mọ́. Ó fi aṣọ tó rẹ sínú rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ náà jinná. Ohun tí wọ́n ń dà sí omi ìdọ̀tí ló gbé wá sí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ! Ó yọrí sí rere, a sì ń yìn ín títí dòní. Bí kò bá yọrí sí rere ńkọ́?

Láti ìgbà yẹn, ó wá dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí: kòkòrò ló ń ba ọgbẹ́ jẹ́, ẹ da ohun tó ń pa kòkòrò sí i. Hydrogen peroxide mi náà, inú èrò yẹn ló ti wá. Ogun Àgbáyé Kìíní ló kọ́kọ́ já èrò náà nírọ́. Inú oko tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ ẹran ṣe ajílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn sọ́jà ti ń jà ní Faransé, àfọ́kù bọ́ǹbù sì máa ń wọ ara wọn tòun ti ilẹ̀ àti àkísà aṣọ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Alexander Fleming wà ní Boulogne, ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń gbà wọ́n sílé ìwòsàn. Ó mú ìgò ìdánwò, ó fi iná yọ́ ọ, ó fa ẹ̀gún gbọọrọ-gbọọrọ jáde lára rẹ̀ kó lè jọ ojú ọgbẹ́ tó ní kọ̀rọ̀ àti ihò. Ó kó kòkòrò sínú rẹ̀, ó da oògùn apakòkòrò sí i, ó dà á nù, kòkòrò ṣì wà nínú àwọn kọ̀rọ̀ náà. Èyí tó burú jù ni pé oògùn náà ń pa àwọn ẹ̀yà funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ara fi ń bá kòkòrò jà. Ó ń pa ẹ̀ṣọ́, ó ń fi olè sílẹ̀.

Ohun tó wá gba ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ àti ẹ̀mí là nígbà yẹn kò ní ìfarahàn kankan: kí wọ́n gé gbogbo ẹran tó ti kú kúrò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n má tètè rán an pa. Alexis Carrel àti Henry Dakin fi kún un ní ọdún 1915: èròjà kan tó wà nínú bílíìṣì, tí wọ́n bu omi là títí agbára rẹ̀ fi kù díẹ̀, tí wọ́n sì ń fi rọ́bà tín-ín-rín dà sínú ọgbẹ́ léraléra. Títí dòní, bí ọgbẹ́ bá dọ̀tí jù, dókítà lè fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rán an, ìdílé aláìsàn á sì máa rò pé ó ṣọ̀lẹ ni.

Ṣùgbọ́n ọṣẹ ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ pé ọṣẹ ń fọ ìdọ̀tí? Àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun náà gbà bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí omi ọṣẹ sàn ju omi iyọ̀ lọ fún egungun tó ṣẹ́ tó sì lu awọ jáde. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn tó lé ní 2,400, ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà, Norway àti Íńdíà. Kì í ṣe dókítà ló ń yan èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà, bí kèké bá ṣe mú un ni. Èsì rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2015. Nínú àwọn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, ìdá 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀, ìdá 11.6 ni. Ọṣẹ ló pàdánù. Yálà wọ́n fi agbára tu omi náà tàbí wọ́n rọra dà á, kò sì mú ìyàtọ̀ wá. Nígbà tí mo ka èyí, mo bẹ nọ́ọ̀sì yẹn nínú ọkàn mi.

Ìdin pàápàá ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọgbẹ́. Ní ọdún 1917, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ William Baer rí sọ́jà méjì tí wọ́n gbàgbé sí pápá ogun fún ọjọ́ méje, egungun itan wọn ti ṣẹ́, inú wọn ti fara gbọgbẹ́, ebi àti òùngbẹ sì ti ń pa wọ́n. Ìdin kún ojú ọgbẹ́ wọn. Ẹ̀rù bà á nígbà tó kó ìdin náà kúrò: ẹran tuntun, pupa, tó mọ́, ló wà lábẹ́ rẹ̀, ibà kò sì mú wọn. Ní ọdún 1928, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdin sójú egbò àwọn ọmọdé tí egungun wọn ń kẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni gan pa, bá ìdin wọlé sára àwọn kan. Àfìgbà tó rí ọ̀nà láti fọ ẹyin eṣinṣin mọ́ kí ó tó pa. Láti ọdún 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìdin tí wọ́n sìn ní ìmọ́tótó fún ìtọ́jú egbò. Mo bi ara mi bóyá mo lè gbà kí wọ́n kó o sí orúnkún mi. Ó dọwọ́ irú egbò tó bá jẹ́.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì yìí gan-an ló mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí kí n tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, ó gún mi ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ń kọ́ ara láti ṣe ohun ìjà tirẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ní kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1890, ní Berlin, Emil von Behring àti Kitasato Shibasaburo fi hàn pé bí wọ́n bá fún ẹranko ní oró tẹ́tánọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ní ohun tó ń borí oró náà, wọ́n sì lè fa omi yẹn gún ẹlòmíì. Ẹṣin ni wọ́n wá ń lò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin pọ̀. Ní ogun 1914, omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ń gún fún sọ́jà tó bá fara gbọgbẹ́, tẹ́tánọ́ọ̀sì sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Ara kì í sì gbàgbé àlejò. Ní Vienna, dókítà ọmọdé méjì, Clemens von Pirquet àti Béla Schick, ṣàkíyèsí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gún ní omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin nítorí àìsàn ọ̀fun àti ibà. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí méjìlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ibà á dé, ara á sú, oríkèé á máa ro wọ́n. Bí wọ́n bá tún un gún lẹ́ẹ̀kejì, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1905. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Pirquet rí i pé òun nílò orúkọ fún ara tó ti yí padà nítorí ohun tó ti bá pàdé rí. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ó so wọ́n pọ̀: allergy.

Mo kà á títí, mo dìde jókòó. Ohun tí a ń pè ní alẹ́jì lónìí, tí a ti ń kọ sí fọ́ọ̀mù, lára oògùn tí wọ́n fi ń gba ènìyàn là ni wọ́n ti rí orúkọ rẹ̀. Ọgbẹ́ àti alẹ́jì tí nọ́ọ̀sì bi mí léèrè papọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, ìbátan ni wọ́n láti ilé.

Paul Portier àti Charles Richet ti rí apá kan rẹ̀ ṣáájú. Oró ẹranko inú òkun ni wọ́n ń fún ajá, èrò wọn sì ni pé ajá tó bá gba díẹ̀ lónìí á lè gba púpọ̀ lọ́la. Neptune ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ajá náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti gba ti àkọ́kọ́, tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n tún fún un ní díẹ̀. Kò tó ìdajì wákàtí tó fi kú. Ní 1902 ni wọ́n pe ohun náà ní anaphylaxis, ìyẹn kí ara gbòdì lójijì débi tó lè pani, ní 1913 ni Richet gba ẹ̀bùn Nobel. Mi ò mọ ìdí tí orúkọ ajá yẹn fi ń bá mi lọ.

Ẹni tó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ìtọ́jú ni Leonard Noon, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní London. Ní ọdún 1911 ló kọ ọ́ pé òun ń gún àwọn tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ń dà láàmú ní lẹ́búlẹ́bú ọ̀hún gan-an, ní ìwọ̀n kékeré, tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka kan náà ni Noon àti Fleming ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, Almroth Wright. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Noon ní 1913, kí Fleming tó lọ Boulogne rárá.

Ọ̀nà tí Noon là yìí ni wọ́n tọ̀ dé orí àwọn tí oyin tàbí agbọ́n ń ta tí ọ̀fun wọn ń dí. Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni: kí wọ́n lọ odidi kòkòrò náà kúnná, orí, ìyẹ́ àti ikùn, kí wọ́n fi omi rẹ̀ gún ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ni àwọn dókítà fi ṣe é. Àwọn tí wọ́n gún ń dúpẹ́. Ní ọdún 1978, ní Johns Hopkins kan náà, wọ́n pín àwọn tó ní alẹ́jì yìí sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba omi odidi kòkòrò, àwọn kan gba oró inú ìtaá rẹ̀ nìkan, àwọn kan gba ohun tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn náà, níwájú dókítà, wọ́n jẹ́ kí kòkòrò ta wọ́n. Nínú 12 tó gba ohun tí kò ní oògùn nínú, ara 7 gbòdì. Nínú 11 tó gba omi odidi kòkòrò, ara 7 gbòdì. Nínú 18 tó gba oró nìkan, ẹnì 1 péré ni.

Ẹ wo iye 7 méjèèjì yẹn. Gbogbo ọdún yẹn, oògùn tí àwọn èèyàn ń dúpẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí aláìní oògùn. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́; ọ̀pọ̀ ìgbà ni kòkòrò lè ta ènìyàn tí ara rẹ̀ kò ní gbòdì, òun á sì máa yin abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọ́n lè fi wé e, títí di ọdún yẹn. Mo sì tún ń ronú nípa àwọn 12 náà. Ẹnìkan ní láti wà lára wọn. Wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ni, wọ́n sì na apá.

Ní èdè wa, àdánwò ni ohun tí oníwádìí ń ṣe, àdánwò náà sì ni ohun tí à ń gbàdúrà pé kó má dé bá wa. Mo ti máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tó wa ni a fi ń lo ẹyọ kan fún méjèèjì. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1942 àti 1943, ní àgọ́ ìfìyàjẹni Ravensbrück ní Jámánì, àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn sulfanilamide ń ṣiṣẹ́ lára ọgbẹ́ ogun. Wọ́n mú àwọn obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Poland, wọ́n la ẹsẹ̀ wọn, wọ́n kó kòkòrò àrùn sí i, wọ́n kó ẹ̀rún igi àti ìgò lílọ̀ sí i, wọ́n sì rán an pa. Àwọn kan kú. Àwọn tó kù, títiro ni wọ́n ń rìn, ehoro ni wọ́n sì ń pe ara wọn, ẹran ìdánwò. Ìtọ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe yíǹkì tí kò hàn sójú, tí wọ́n fi kọ orúkọ ara wọn sínú lẹ́tà sí àwọn ará ilé, kí ayé lè gbọ́.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ pàápàá kò pé, àmọ́ ká tiẹ̀ ní ó pé. Wọ́n ní ẹni tó gbà á, wọ́n ní ẹni tí kò gbà á, wọ́n fi wé ara wọn, bí mo ṣe ń yin ìfiwéra láti òkè. Wọ́n ka èsì rẹ̀ fún àpéjọ àwọn dókítà ní Berlin ní oṣù karùn-ún 1943. Ní oṣù kejìlá ọdún 1946, mẹ́rin lára àwọn obìnrin náà wọlé sí kóòtù ní Nuremberg, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ àwọn dókítà náà, wọ́n sì ṣí ẹsẹ̀ wọn han àwọn adájọ́. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Nínú ìdájọ́ ọdún 1947 ni òfin tí gbogbo ìwádìí ń tẹ̀ lé lónìí ti jáde, gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi dán an wò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, láìsí ipá. Èyí ni mi ò rí nínú ìtàn Paré. Kò sí ẹni tó bi àwọn sọ́jà rẹ̀ léèrè, yálà àwọn tó jó ni tàbí àwọn tó fi ẹyin kùn.

Orúnkún mi jinná. Nígbà tí mo padà lọ kí wọ́n wò ó, dókítà ọ̀dọ́ kan rí ọ̀rọ̀ pupa tó wà lójú fáìlì, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé kò tíì pé ọdún márùn-ún? Ṣé ojú tàbí ọ̀fun yín wú, àbí awọ yín bó? Ṣé wọ́n ní láti tọ́jú yín nítorí rẹ̀? Mo ní kó jẹ́ kí n pe màámi.

"Penisílíìnì wo?" ni màámi wí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àsìkò tí ibà mú ẹ ni. Ara ẹ sú lóòótọ́." Wọ́n tún dákẹ́. "Àbí ẹ̀gbọ́n ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ẹnu mi sọ fún bí ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Dókítà kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n kọ alẹ́jì penisílíìnì sí fáìlì wọn, ó lé ní mẹ́sàn-án tí ara wọn gbà á bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Àìsàn tó mú ọmọdé ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ dán, wọ́n á sì ní oògùn ni. Àwọn tó sì ní in lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn máa ń gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nítorí ọ̀rọ̀ pupa yẹn, àwọn oògùn mìíràn tí wọ́n máa ń fún wọn lè má ṣiṣẹ́ tó, wọ́n sì ń kọ́ kòkòrò ní oríkunkun. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 mú 382 àgbàlagbà tí ewu wọn kéré, ó fún ìdajì ní oògùn láti gbé mì tààrà, ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ yẹ awọ ìdajì kejì wò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan péré ni ara rẹ̀ fèsì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

"Ẹ lè sọ pé rárá o," ni dókítà wí, ó sì gbé ìwé kan síwájú mi. Mo ka ìwé náà tán. N kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo máa ń wá ibi tí wọ́n ní kí n bu ọwọ́ lù ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, nítorí àwọn obìnrin Ravensbrück, kí n má purọ́.

Ó fún mi ní amoxicillin, ọ̀kan nínú ìdílé penisílíìnì, mo gbé e mì. Adrenaline wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí bí ọ̀fun bá fẹ́ dí, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún sí itan, kì í ṣe oògùn ara yíyún. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán èyí wò nílé. Àwo yẹn ló mú kí ó jẹ́ ìwádìí, láìsí i, tẹ́tẹ́ ni.) Wọ́n ní kí n jókòó fún wákàtí kan. Gbogbo ibi tó bá yún mi díẹ̀ ni mò ń họ, tí mo sì ń wò. Mo ń ronú nípa Carl Prausnitz, tó ní kí wọ́n gún òun ní omi ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Heinz Küstner, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹja. Ní ọjọ́ kejì ó gún omi ẹja sí ojú ibẹ̀, ibẹ̀ wú. Ọdún 1921 nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ dán an wò.

Mo tún ń ronú nípa àwọn oògùn tí ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ bakitéríà wà lára wọn. Ní 2016, ní California, wọ́n fi wọ́n gba ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Tom Patterson là lẹ́nu kòkòrò tí oògùn kankan kò ràn mọ́. Gbogbo ayé gbọ́ ìyẹn. Àwọn tó gbọ́ ti ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Faransé àti Belgium lára ènìyàn 27 tí iná jó kò pọ̀: fáírọ́ọ̀sì náà lọ́ra ju ìpara tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ láti pa kòkòrò, wọ́n sì wá rí i pé agbára oògùn náà ti joro nínú ìgò kí ó tó dé ara ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò sọ pé fáírọ́ọ̀sì náà kò dára. Ó sọ pé a kò tíì mọ̀. Àti ọ̀rọ̀ ẹ̀pà: ọdún mélòó ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má fún ọmọ ọwọ́ tí ewu alẹ́jì wà fún ní ohun tó ní ẹ̀pà nínú? Ní 2015, ìwádìí lára ọmọ 640 fi hàn pé ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yẹra fún un ló ní alẹ́jì rẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, àti ìdá 3 nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́. Òróró Paré, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wákàtí pé. Kò sí nǹkan kan. Dókítà mú bírò, ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ pupa náà kọjá, ó kọ déètì sí i. Mo pe màámi. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó lọ yẹ tirẹ̀ wò.

Oṣù tó kọjá, eyín ń dùn mí, mo lọ sí ibòmíràn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò gbójú sókè. "Oògùn kankan wà tí ara yín kì í gbà, mà?"

Ẹnu mi ti ń wí pé "Pe..." kí n tó pa á mọ́.